Ta Ni Yóò Ka Ohun Tí Ó Sọnù? Ìtàn Wíwá Pákẹ́ẹ̀tì Tí Kò Dé Lórí Ẹ̀rọ Aṣírò-Ìgbì, 1969 sí 2018

Ìfáárà

Bí a bá rán ọmọ níṣẹ́ tí kò sì dé ibi tí a rán an, ọ̀nà méjì péré ni a fi lè tètè mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí a rán an sí ti ń retí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí ó rán an ń retí àbọ̀. Níbi tí kò bá ti sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, iṣẹ́ náà yóò sọnù láìsí ẹni tí yóò fura. Ọ̀ràn yìí gan-an ni ó wà nídìí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Nínú irú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í rin ìrìn-àjò ní odidi. Ẹ̀rọ a máa gé e sí wẹ́wẹ́, a máa di ègé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, a sì máa kọ ibi tí ó ń lọ sí i lára. Paul Baran, ti ilé ìwádìí RAND ní Amẹ́ríkà, gbé irú èrò yìí jáde ní 1964. Donald Davies, tí òun náà dá irú èrò kan náà ní ilẹ̀ Bíríténì láìmọ̀ nípa ti Baran, ni ó fún ìdì wẹ́wẹ́ wọ̀nyí ní orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n mọ́, èyí ni pákẹ́ẹ̀tì.

Àwọn òpìtàn nẹ́tíwọ̀ọ̀kì a máa sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí bí pákẹ́ẹ̀tì ṣe ń dé. Ìwọ̀nba ni ohun tí wọ́n ń sọ lórí èyí tí kò dé. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìtàn pákẹ́ẹ̀tì tí ó sọnù ni ìtàn bí iṣẹ́ kíkà ṣe kúrò lọ́wọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, tí ó sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ń rán ọ̀rọ̀ àti ẹni tí ń gbà á. Ẹ̀rọ tí ó fi ọ̀ràn náà hàn kedere jù lọ ni èyí tí a ó pè ní ẹ̀rọ aṣírò-ìgbì níhìn-ín. Ohun tí a ní lọ́kàn ni ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ ní pàtàkì láti gba ohùn ènìyàn tàbí ìgbì rédíò lẹ́yìn tí a bá ti sọ ọ́ di nọ́ńbà, kí ó sì ṣe ìṣirò lé e lórí bí ó ti ń wọlé, láìdúró.

1. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí ń jẹ́ àbọ̀, 1969 sí 1973

ARPA, àjọ ìwádìí tí ó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà, ni ó dá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ARPANET sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Bolt Beranek and Newman, tí wọ́n ń gé kúrú sí BBN, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. BBN mú kọ̀ǹpútà Honeywell DDP-516, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹ̀rọ alárinà tí wọ́n pè ní IMP. Iṣẹ́ IMP ni láti gba pákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó sì tì í síwájú láti IMP kan sí òmíràn títí yóò fi dé ibi tí ó ń lọ. Èkínní dé Yunifásítì California ní Los Angeles ní òpin oṣù Kẹjọ 1969. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ láti ibẹ̀ sí Stanford Research Institute. Lẹ́tà méjì péré, L àti O, ni ó dé kí kọ̀ǹpútà tí ó ń gbà á tó dákú. A lè sọ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó kọjá lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yìí kò dé tán.

Àwọn tí ó kọ́ ARPANET kò fẹ́ kí ohunkóhun sọnù. IMP kọ̀ọ̀kan a máa tọ́jú ẹ̀dà pákẹ́ẹ̀tì tí ó bá rán jáde títí èyí tí ó tẹ̀ lé e yóò fi jẹ́ àbọ̀ pé ó ti tẹ òun lọ́wọ́. Bí àbọ̀ kò bá dé, yóò tún un rán. Iye àyẹ̀wò oníbíìtì 24 wà lára pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí a lè mọ̀ bí wáyà tẹlifóònù bá ti ba nǹkan jẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí odidi ọ̀rọ̀ bá sì dé òpin ìrìn-àjò rẹ̀, IMP tí ó gbà á yóò fi ìròyìn padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó rán an kí ó tó lè rán òmíràn. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fúnra rẹ̀ ni ó ń kà, òun náà ni ó sì ń jíyìn.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìṣòro fi yọjú níbi tí wọn kò fi ojú sí. Robert Kahn, tí ó wà ní BBN nígbà náà, ti rí i tẹ́lẹ̀ pé ààyè ìpamọ́ inú IMP tí ń gba ọ̀rọ̀ lè kún fún àjákù ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi, kí ó má sì sí èyí tí ó pé nínú wọn. Àwọn ègé tí ó kù kò ní í rí ibi wọ̀ sí. Àwọn tí ó ti wọlé kò sì ní í lè jáde, nítorí pé wọn kò tíì pé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1970, ó lọ sí Los Angeles, níbi tí Leonard Kleinrock àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń ṣe ìwọ̀n bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì fi hàn pé òótọ́ ni. Ojútùú tí wọ́n wá rí sí i ni pé kí ẹni tí yóò rán ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́dọ̀ ẹni tí yóò gbà á.

Ìṣòro kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyẹn, iyè ẹ̀rọ IMP tí ó wà ní Yunifásítì Harvard bàjẹ́. Òfo ni ó ń kà jáde níbi tí ó yẹ kí ó ti ka jíjìnnà rẹ̀ sí àwọn IMP yòókù. Ó wá ń kéde fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ pé kò sí ibi tí ó jìnnà sí òun. Àwọn ìyókù gbà á gbọ́, wọ́n sì ń kó pákẹ́ẹ̀tì wọn gba ọ̀dọ̀ rẹ̀, níbi tí ó ti ń ṣègbé. Iye àyẹ̀wò orí wáyà kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí pé wáyà kò ṣe ohun kankan. Inú ẹ̀rọ gan-an ni irọ́ ti wá. Nínú àkọsílẹ̀ kan tí ó gbé jáde ní oṣù Kẹfà 1973, J. M. McQuillan ti BBN ṣàlàyé ìdí tí ó fi yẹ kí IMP máa fi ètò inú rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò kún ti wáyà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé alárinà tí ó ń jíyìn fún àwọn ẹlòmíràn lè ṣì jẹ́ ẹni tí ó ń sọ nǹkan nù.

2. Ohùn ènìyàn wọ inú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, 1973 sí 1977

Ibi tí ẹ̀rọ aṣírò-ìgbì ti wọ inú ìtàn yìí ni ìgbà tí Kahn, tí ó ti kúrò ní BBN lọ sí ARPA, fẹ́ kí ènìyàn lè fi ohùn bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ARPANET. Ìṣòro tí ó kọ́kọ́ hàn jẹ́ ti ìṣirò lásán. Bí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù bá sọ ohùn di nọ́ńbà, ìgbà 8,000 ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sì ń fi bíìtì 8 kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíìtì 64,000. Bẹ́ẹ̀ sì ni wáyà ARPANET kò lè gbé ju bíìtì 50,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Dandan ni kí wọ́n fún ohùn pọ̀ kí ó tó lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n lò jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní CVSD a máa kọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwọ̀n kan àti èkejì sílẹ̀. LPC ní tirẹ̀ a máa ṣe ìṣirò irú ọ̀nà ọ̀fun tí ó lè mú irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde, ó sì lè fún ohùn pọ̀ títí yóò fi di nǹkan bí bíìtì 3,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣirò LPC pọ̀ ju ohun tí kọ̀ǹpútà lásán ìgbà náà lè ṣe bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ti ń sọ ọ́. Nítorí náà, ibùdó kọ̀ọ̀kan so ẹ̀rọ aṣírò-ìgbì mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ní Information Sciences Institute, tí wọ́n ń pè ní ISI, ní California, ẹ̀rọ SPS-41 ni wọ́n so mọ́ PDP-11/45. Ní Lincoln Laboratory ní Massachusetts, FDP àti LDVT ni wọ́n lò. Ní Culler-Harrison, AP-90 ni.

Danny Cohen ti ISI ni ó ṣe ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ tí kò jọra wọ̀nyí fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Orúkọ ìlànà náà ni NVP. Wọ́n kọ́kọ́ lò ó ní oṣù Kejìlá 1973. Ní oṣù Kẹjọ 1974, ohùn lọ láti ISI sí Lincoln Laboratory ní ọ̀nà CVSD. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ohùn onílànà LPC kọjá láàárín Culler-Harrison àti Lincoln. Nígbà tí ó di 1976, ibùdó mẹ́rin ti ń jùmọ̀ sọ̀rọ̀ pọ̀ bí ẹni pé wọ́n jókòó yí tábìlì kan ká.

Níhìn-ín ni èrò àtijọ́ ti forí sọlẹ̀. Bí pákẹ́ẹ̀tì kan bá pẹ́ tàbí tí ó bàjẹ́, ARPANET a máa dá àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró títí wọn yóò fi tún un rán, nítorí pé ó ti ṣe ìlérí pé gbogbo ọ̀rọ̀ yóò dé ní pípé, ní ìtẹ̀léra. Ìlérí yìí dára fún ìwé. Fún ohùn, ìpalára ni. Etí ènìyàn kò ní í dúró de ègé ọ̀rọ̀ kan tí kò ju ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu tí ó bá pẹ́ dé ti di ohun tí ó sọnù, ó sì tún ń di ọ̀nà mọ́ àwọn mìíràn. Cohen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yàn láti lo irú ọ̀rọ̀ tí IMP a máa gbé kọjá láìṣe ìlérí kankan. Nínú àlàyé NVP tí wọ́n tẹ̀ jáde ní oṣù Kọkànlá 1977, wọ́n kà á mọ́ àwọn ìpinnu ìlànà náà pé kí àdánù ọ̀rọ̀ kankan má ṣe di àjálù, àti pé kí a yẹra fún títún ọ̀rọ̀ rán láti ìkángun dé ìkángun.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dá alágbàṣe kíkà dúró gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kà. NVP fi àmì àkókò sára ohùn kọ̀ọ̀kan tí ó ń rán jáde. Ẹ̀rọ tí ń gbà á lè fi àmì náà mọ ibi tí àlàfo wà, kí ó fi ìdákẹ́jẹ́ dí i, kí ó sì fi ègé tí ó tẹ̀ lé e sí ipò rẹ̀ gan-an. Àyípadà ńlá ni èyí. Títí di ìgbà náà, àìtó iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni àdánù jẹ́. Láti ìgbà náà lọ, ó di ohun tí olùgbà lè fi ojú rẹ̀ rí, tí ó lè wọ̀n, tí ó sì lè pinnu bóyá òun lè fara mọ́ ọn.

3. Bí ìlànà ṣe pín sí méjì, 1974 sí 1983

Ní oṣù Karùn-ún 1974, Vinton Cerf àti Kahn gbé ìlànà kan jáde tí yóò so onírúurú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì pọ̀. Nínú rẹ̀, TCP kan ṣoṣo ni yóò máa darí pákẹ́ẹ̀tì, òun náà ni yóò sì máa rí i dájú pé gbogbo rẹ̀ pé. Bí ìlànà náà bá dúró bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ ni yóò ru ẹrù àtúnránṣẹ́ ní tipátipá. Láàárín 1977 àti 1978, lẹ́yìn àríyànjiyàn tí Cohen kópa pàtàkì nínú rẹ̀, wọ́n pín in sí méjì. IP yóò máa gbé pákẹ́ẹ̀tì lọ láìṣe ìlérí. TCP yóò máa kà, yóò sì máa tún un rán fún ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tí kò fẹ́ ẹ, Jon Postel kọ ìlànà kúkúrú kan, UDP, ní oṣù Kẹjọ 1980. Báìtì 8 péré ni orí-ọ̀rọ̀ UDP: ibodè tí ó ti wá, ibodè tí ó ń lọ, gígùn rẹ̀, àti iye àyẹ̀wò. Kò sí nọ́ńbà ìtẹ̀léra níbẹ̀ rárá. Wọ́n gbé IP àti TCP jáde ní oṣù Kẹsàn-án 1981, ARPANET sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò wọ́n ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1983.

Yóò jẹ́ àṣìṣe bí a bá sọ pé ohùn nìkan ni ó fa àyípadà yìí. Ní ilẹ̀ Faransé, Louis Pouzin àti àwọn tí ó kọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì CYCLADES ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 pé kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ìkángun ni ó yẹ kí ó máa rí sí i pé ọ̀rọ̀ pé. Jerome Saltzer, David Reed àti David Clark sì sọ èrò náà di ìlànà gbogboogbò nínú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1984. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ohùn lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà lára àpẹẹrẹ tí àwọn mẹ́ta náà fi ti èrò wọn lẹ́yìn. Faransé mú ìmọ̀ràn wá. Ẹ̀rọ aṣírò-ìgbì ni ó mú ẹ̀rí wá pé ìlérí pípé lè ba iṣẹ́ jẹ́.

4. Nígbà tí òǹkà fúnra rẹ̀ purọ́: ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá 1980

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù méjì lẹ́yìn tí Postel kọ UDP, nítorí pé ó fi ààlà agbára kíkà hàn. Ní ọjọ́ tí a dárúkọ yìí, gbogbo ARPANET dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Eric Rosen ti BBN ni ó kọ ìròyìn ìwádìí rẹ̀.

Ní àkókò yẹn, IMP kọ̀ọ̀kan a máa rán ìròyìn nípa ipò ọ̀nà rẹ̀ sí gbogbo àwọn yòókù, nọ́ńbà ìtẹ̀léra sì wà lára ìròyìn náà, kí wọ́n lè mọ èyí tí ó jẹ́ tuntun. Láti òfo dé 63 ni nọ́ńbà náà ń lọ, lẹ́yìn náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Nítorí èyí, ìṣirò àyíká ni wọ́n fi ń mọ èyí tí ó ṣàgbà. Ní ọjọ́ náà, IMP 29 tí iyè rẹ̀ ti ń ṣe ségesège jẹ́ kí bíìtì jábọ́ nínú ìròyìn tí ó ti ọ̀dọ̀ IMP 50 wá. Ẹ̀dà mẹ́ta ni ó wá ń káàkiri, tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 44, 40 àti 8. Bí a bá kọ wọ́n ní ọ̀nà oníbíìtì, 101100, 101000 àti 001000 ni wọ́n jẹ́. Bíìtì kan ṣoṣo ni ó ń jábọ́ láti ọ̀kan sí èkejì. Nínú ìṣirò àyíká, 44 tuntun ju 40 lọ, 40 tuntun ju 8 lọ, 8 náà sì tuntun ju 44 lọ. Èyí tí ó bá dé ni ó ń jọ tuntun, wọ́n sì ń lé ara wọn yípo láìdáwọ́ dúró títí wọ́n fi gba gbogbo agbára àwọn IMP. Ohun tí ó mú ìtura wá ni pé wọ́n tún ètò àwọn IMP ṣe kí wọ́n má ṣe gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ IMP 50 mọ́.

Ẹni tí ó bá ń kà gbọ́dọ̀ lè dáàbò bo òǹkà rẹ̀. Kíkà láìsí àyẹ̀wò kò sàn ju àìkà lọ.

5. Ogún UDP lọ́dọ̀ àwọn awòràwọ̀

Ní nǹkan bí ìran kan lẹ́yìn náà, ìṣòro Cohen tún yọjú lọ́dọ̀ àwọn tí ń fi rédíò wo ìràwọ̀. Ojú ọ̀run dà bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀: kì í dúró de ẹnikẹ́ni, kì í sì í tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ní Yunifásítì California ní Berkeley, Dan Werthimer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní CASPER sílẹ̀ láti máa ṣe ẹ̀rọ aṣírò-ìgbì tí gbogbo ibùdó lè jọ lò. Ègé FPGA, tí ènìyàn lè tún iṣẹ́ inú rẹ̀ tò bí ó ti wù ú, ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Nínú ìwé kan tí Aaron Parsons àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ní 2008, wọ́n ṣàlàyé bí a ṣe lè fi switch Ethernet tí wọ́n ń tà lọ́jà so àwọn pátákó ẹ̀rọ wọ̀nyí pọ̀, dípò wáyà àkànṣe. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà wà lára àwọn tí ó ṣe ROACH, ọ̀kan nínú àwọn pátákó tí ó gbajúmọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà. UDP ni àwọn pátákó wọ̀nyí fi ń rán nọ́ńbà wọn jáde. Pákẹ́ẹ̀tì tí kò dé kò sì ní í jẹ́ àbọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń wá irú pákẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ni ó fi ogún àwọn ọdún 1970 hàn jù. Ìgbésẹ̀ kìíní ni pé kí wọ́n fi òǹkà sí orí pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, nítorí pé UDP kò ní tirẹ̀. Ìkejì ni pé kí wọ́n mú ìgbì ojú ọ̀run kúrò fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà tí ń lọ ní ìtẹ̀léra rọ́pò rẹ̀. Ariwo lásán ni ìgbì ojú ọ̀run jọ. Kò sí ẹni tí ó lè wo ariwo kí ó mọ̀ pé apá kan nínú rẹ̀ kò sí. Ìkẹta ni pé kí wọ́n ka iye pákẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ mẹ́rin ojú ọ̀nà: níbi tí pátákó ti ń rán an jáde, nínú switch, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń gbà á wọlé, àti nínú ètò tí ń lò ó. Ibi tí iye méjì tí ó tẹ̀ léra kò bá ti dọ́gba ni àdánù wà.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń rí ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Lórí pátákó, ó lè jẹ́ pé ohun tí ń wọlé pọ̀ ju ohun tí ó lè jáde lọ. Ọ̀nà Ethernet oníbíìtì bílíọ̀nù 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò gbà ju bíìtì 64 lọ ní ìgbà mílíọ̀nù 156.25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá náà. Bí aago FPGA bá ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù 200, tí ó sì ń ti bíìtì 64 sínú ọ̀nà náà ní gbogbo ìlù, bílíọ̀nù 12.8 ni ó fẹ́ kọjá níbi tí bílíọ̀nù 10 péré ń gbà. Ààyè ìpamọ́ yóò kún, yóò sì ṣàn sílẹ̀. Nínú switch, ó lè jẹ́ pé pákẹ́ẹ̀tì náà gùn ju ohun tí wọ́n fún switch láṣẹ láti gbà. Gbogbo irú rẹ̀ pátá ni yóò sọnù, láìku ẹyọ kan. Lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà olùgbà, àdánù a máa wá ní ìṣù-ìṣù, nígbà tí iṣẹ́ mìíràn bá gba ọkàn rẹ̀ tí ààyè ìpamọ́ rẹ̀ sì kéré. Nípa báyìí, ìrísí àlàfo fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí: àdánù pátápátá, àdánù oníṣù, àti àdánù tí ń wáyé déédéé kì í ní orísun kan náà.

Nígbà tí wọ́n ṣí MeerKAT, ẹ̀rọ awòràwọ̀ onírédíò tí áńtẹ́nà rẹ̀ jẹ́ 64, ní aginjù Karoo ní Gúúsù Áfíríkà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 2018, ìlànà yìí ni wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ kà: pákẹ́ẹ̀tì UDP láti ẹsẹ̀ áńtẹ́nà, tí àmì àkókò wà lórí rẹ̀. Ohun tí Cohen fi sára ohùn ènìyàn ní 1973 ni ó wà lára ohùn ojú ọ̀run níbẹ̀.

Àsọkágbá

Ohun mẹ́ta ni ìtàn yìí fi hàn. Àkọ́kọ́, kì í ṣe pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àdánù nígbà tí wọ́n mú ìlérí kúrò lọ́rùn nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Wọ́n ti gbìyànjú ìlérí náà, wọ́n sì ti rí i ní Harvard pé alárinà tí ara rẹ̀ kò dá lè mú un yẹ̀, àti nínú iṣẹ́ ohùn pé mímú un ṣẹ gan-an lè di ìdènà. Èkejì, àdánù kì í kéde ara rẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀ràn tí a gbé yẹ̀wò, iye tí ẹnìkan kọ sílẹ̀ ṣáájú ni ó tú àṣírí rẹ̀. Níbi tí òǹkà náà sì ti bàjẹ́, bí ti 1980, kíkọ̀ láti gba ìròyìn náà mọ́ ni ó gba ni là.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù. Ẹrù tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò parẹ́. Orí olùgbà ni ó bọ́ sí. Bí ohùn bá sọnù, ẹni tí ń gbọ́ lè bẹ ẹnìkejì kí ó tún un sọ. Bí ìgbì ojú ọ̀run bá sọnù, kò sí ẹni tí a lè bẹ̀. Olùwádìí tí kò bá ka ohun tí ó gbà, tí ó sì jẹ́ kí òfo tàbí nọ́ńbà àtijọ́ dí àlàfo náà, yóò gbé àṣìṣe ẹ̀rọ jáde gẹ́gẹ́ bí òótọ́ nípa ìràwọ̀. Nítorí náà, ìdáhùn ìbéèrè tí ó wà ní orí àpilẹ̀kọ yìí ni pé ẹni tí ó máa jẹ àǹfààní ọ̀rọ̀ náà ni ó gbọ́dọ̀ kà á, kí ó sì kọ iye tí kò dé sílẹ̀ pẹ̀lú iye tí ó dé.